Ẹsẹ̀ Tó Ń Yà Sí Ọ̀nà Àtẹ̀gùn

Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ránṣọ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Ìsàlẹ̀ ni ìsọ̀ mi wà, òkè ni yàrá tí Tísà ti ń kọ́ni ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, pákó nìkan ló sì wà láàárín wa. Tí ẹnì kan bá ti gun àtẹ̀gùn, mi ò ní láti yọjú kí n tó mọ ẹni tó jẹ́. Akọ̀wé báńkì tó ń wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé máa ń rìn gìdìgìdì bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Obìnrin tó ń ta oògùn ní òpópónà kejì, ìka ẹsẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀, bíi kí ọmọ má jí. Ọ̀gá kan sì wà tó jẹ́ pé ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé kí òun alára tó dé. Ó ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta, ikùn náà sì ń bá a kọ́ ọ.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni Tísà máa ń kọ́, kì í kọ́ èèyàn méjì pọ̀. Ó ní tí èèyàn méjì bá ti wà nínú yàrá, ara wọn ni wọ́n ń wò, wọn kì í ráyè wo ẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti máa ń gba rọ́bà tí a ń fi sí ìbàdí ṣòkòtò. Á so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì kí ìṣísẹ̀ rẹ̀ má baà fẹ̀ jù, á sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí pákó. Nọ́ńbà ló fi ń pe ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀kan ni ọwọ́ iwájú tó ń lọ tààrà, èjì ni ọwọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀ta ni èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Láti àárọ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ọ: "Ọ̀kan, èjì. Ọ̀kan, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ ló ń jà, wọ́n kàn rán ọwọ́ níṣẹ́ ni." Mo ti gbọ́ ọ débi pé èmi náà ń tẹ máṣíìnì mi ní ọ̀kan, èjì.

Èmi kì í ṣe onísùúrù, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Igi ìgbálẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo fi ń gún àjà tí ariwo bá ti pọ̀ jù, tí eruku bá ń dà sórí aṣọ oníbàárà. Tí mo bá gún un lẹ́ẹ̀kan, Tísà á ní kí wọ́n rọra. Tí mo bá gún un lẹ́ẹ̀mejì, á bẹ̀ mí látòkè pé, "Ìyá Aránṣọ, ẹ foríjì wá." Èsì mi kì í yí padà: "Orí wo? Èyí tí eruku ti kún yìí?"

Àmọ́ ọ̀sán gangan yàtọ̀. Ní aago méjìlá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wà níbi iṣẹ́ wọn, tí òpópónà bá dá wáí, Tísà á ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Òun nìkan ló máa ń kù síbẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹsẹ̀ Tísà wúwo, orúnkún rẹ̀ kan ti bàjẹ́. Èyí tí mo ń gbọ́ lọ́sàn-án fúyẹ́. Fẹ́, fẹ́, fẹ́, ìṣísẹ̀ mẹ́ta bí ẹni pé òwú ló ń já bọ́, lẹ́yìn náà sììì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n wọ́ tẹ̀lé e sí ọ̀nà àtẹ̀gùn. Ojú kan náà ló máa ń gbà lójoojúmọ́, ojú kan náà ni eruku sì ń já bọ́ sí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gbé tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ kúrò lápá àtẹ̀gùn lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí eruku kì í dé. Ní aago yẹn, mi ò gún àjà rí. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́.

Àbúrò Tísà ló ni ẹsẹ̀ yẹn, ọmọ ìyá kan ṣoṣo tó ní. Ó ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Ẹlẹ́sẹ̀-Òwú ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, o ò ní gbọ́, wàá kàn rí i níwájú rẹ ni. Ó lè wọ ìsọ̀ mi kó mú rọ́bà lórí tábìlì, kó jáde, kí n má mọ̀, àfi tó bá di ìrọ̀lẹ́ tó bá wá ń fi mí ṣẹ̀rín. Èmi ni mo rán ṣòkòtò tó fi ń jà, aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ní ìlà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tísà ló kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì lórí mi, tí wọ́n kọjú síra wọn, tí wọ́n jọ ń yà sí ọ̀nà àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ènìyàn àti àwòrán rẹ̀ nínú dígí. Ìjà mẹ́rìnlá ló jà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ló borí.

Ìkẹẹ̀ẹ́dógún ló pa á. Ní abala kẹjọ, ó kan ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta, ó yà, ó sì yà bọ́ sínú ọwọ́ ọ̀tún ẹni tí wọ́n jọ ń jà. Kò dìde mọ́. Ọjọ́ kẹta ló dákẹ́ nílé ìwòsàn. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti di Tísà lẹ́wù mú, tó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọkọ òun. Tísà ní, "Mo pè é. Kò gbọ́."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́, kò ṣe é ṣà mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ ilé, ó wọ àdúgbò. Kí wọ́n tó gbé ọkùnrin náà sin, gbogbo ènìyàn ti ń pa òwe mọ́ ọn pé ajá tó máa sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èmi náà pa á. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi pa á, nínú ìsọ̀ yìí, lójú àwọn oníbàárà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo tó mọ òdodo. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, omi ń kán gba inú pákó wọlé, eruku òkè sì ń bá omi náà bọ̀ di ẹrẹ̀ sórí aṣọ ìyàwó tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì rán. Ojú mi ṣú. Mo gbàgbé pé aago méjìlá ni, mo gbàgbé ẹ̀rù, mo gun àtẹ̀gùn lọ bá a pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

Ilẹ̀kùn kò tì dáadáa. Tísà wà láàárín yàrá láìwọ bàtà, ó kọjú sí dígí ńlá tó wà lára ògiri. Àgbàlagbà olórúnkún dídùn yẹn ń tẹlẹ̀ bí òwú. Fẹ́, fẹ́, fẹ́, sììì. Tó bá yà tán, á dúró, á wo inú dígí, á gbé ọwọ́ lé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà á padà sórí ìlà ṣọ́ọ̀kì, á tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èébú tí mo kó gòkè ló pòórá lẹ́nu mi.

Kò yí ojú padà. Ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ wá dúró síwájú mi níbí."

Mo lọ dúró.

"Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sókè, kẹ́ ẹ dì í. Ẹ ṣáà gbé e síbẹ̀, ẹ má jù ú."

Mo gbé e sókè. Ó kọjú sí mi, ó rọra tẹ ìṣísẹ̀ mẹ́ta yẹn, ó yà sí òsì rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wá bá ìkúùkù mi níbi tó wà. Mi ò mi ọwọ́. Òun ló gbé orí wá bá a.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni mí," ó ní. "Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni òun. Tí mo bá kọjú sí i láti kọ́ ọ, ńṣe ló dà bíi pé ó ń wo dígí. Mo gbé òsì, ó gbé ọ̀tún. Ó rọrùn fún un, inú èmi náà sì ń dùn pé mi ò rí ẹni tó tètè mọ nǹkan báyìí rí. Àmọ́ tí èmi bá ti kan ẹ̀ṣẹ́ tán, ọ̀tún mi ni mo máa ń yà sí, kí n lè jìnnà sí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó dojú kọ mí. Òun náà ń wò mí, òun náà ń yà. Òsì tirẹ̀ ló wá ń yà sí. Ibi tí ọwọ́ ọ̀tún wọn wà gan-an nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọmọ ìyá mi kó máa yà sẹ́nu ikú. Eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó tètè pa á."

Mo bi í pé, "Ṣé lóòótọ́ lẹ pè é lọ́jọ́ náà?"

"Mo pè é. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ní, 'Yà!' Ó yà."

Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ojú òun ò lè gbà á, pé ìyàwó òkú á pa òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo gbà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọ ẹrẹ̀ kúrò lára aṣọ ìyàwó tí mo ń rán, mo sì di ọ̀rọ̀ sínú fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ẹlẹ́nu gbàgbà kì í lè pa àṣírí mọ́, ẹ ò mọ nǹkan kan. Ohun tí mo wá ṣàkíyèsí ni pé láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti kú, Tísà ò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní yíyà mọ́. Iwájú, ẹ̀yìn, iwájú, ẹ̀yìn, ó parí. Kì í sì í gba ẹni tó bá fẹ́ jà lóòótọ́. Àwọn tó ń bá ikùn wọn jà nìkan ló ń gbà.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí ọmọbìnrin kan fi wọ ìsọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹni ogún ọdún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ti dúró níwájú tábìlì mi kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní kí n bá òun rán ṣòkòtò ìjà, aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ní ìlà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo fi téèpù yí i ní ìbàdí. Nọ́ńbà tí mo rí níbẹ̀, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé rí. Mo ní, "Ọmọ Ẹlẹ́sẹ̀-Òwú."

"Èmi ni, mà. Bàbá ń retí mi lókè." Tísà ló ń pè ní Bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ṣáà ni. "Ìjà mi àkọ́kọ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọn ò kọ́kọ́ fẹ́ gbà mí. Mo ní tí wọn ò bá gbà mí, màá dá lọ jà á."

Ó gòkè lọ. Mo kó abẹ́rẹ́ onídìí sẹ́nu, mo ń fi í mú etí aṣọ kan. Mo gbọ́ Tísà tó ń ka ọ̀kan, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ. Fẹ́, fẹ́, fẹ́, sììì, sí ọ̀nà àtẹ̀gùn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀sán gangan. Ẹsẹ̀ Tísà tó wúwo sì wà lójú kan, kò mira. Abẹ́rẹ́ já bọ́ lẹ́nu mi sórí ilẹ̀. Lókè, Tísà kò ka nǹkan kan mọ́. Ó ní kí ọmọ náà lọ mu omi.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ẹsẹ̀ yẹn.

"Bàbá mi. Ẹ̀yìn ilé wa ló ti máa ń ṣe é, èmi á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tó kú. Mi ò dáwọ́ ẹ̀ dúró láti ìgbà náà. Inú ilé ìdáná màmá mi ni mo ti ń ṣe é. Kò sí nǹkan míì tí mo jogún, mà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín bàbá rẹ̀. "Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé bàbá mi ò gbọ́ràn. Wọ́n ti pa òwe ajá yẹn sí mi létí títí. Èmi á gbọ́. Ohunkóhun tí Bàbá bá pè lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà ni màá ṣe, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọmọ rẹ̀ gbọ́ fèrè."

Mo ní kó padà wá dán ṣòkòtò wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tísà fi bá ẹsẹ̀ yẹn jà. Kò kọjú sí ọmọ náà mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló dúró sí, kí dígí má tún tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó fa ìlà tuntun sí ọ̀nà fèrèsé. Ó so rọ́bà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ náà lọ sí ọ̀tún. Tí ara ọmọ náà bá mókun, ó ń lọ sí ọ̀tún bí wọ́n ṣe wí. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, tí mo bá ti ń gbọ́ èémí rẹ̀ látìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Tísà á ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ọmọ á ní, "Kí ló ṣe eléyìí, Bàbá? Òun ló fi borí nígbà mẹ́rìnlá." Tísà á ní, "Ṣáà ṣe ohun tí mo ní kó o ṣe." Ó ń ṣe é, àmọ́ ara kì í jọ̀wọ́ ohun tí wọn ò sọ fún un pé ó burú. Ta ló máa fa ogún bàbá rẹ̀ jù nù torí pé wọ́n kàn ní kó jù ú?

Ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo rán ṣòkòtò náà tán. Mo gbé e sórí itan mi, mo ń wo ìlà funfun rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà lọ́jà yìí. Lókè, fẹ́, fẹ́, fẹ́, sììì, eruku sì dà sílẹ̀ lápá àtẹ̀gùn. Mo ká ṣòkòtò, mo gun òkè lọ.

Òógùn ti bo ọmọ náà. Tísà rí ojú mi, ó sì mọ ohun tí mo wá ṣe.

Mo ní, "Tísà, mo ti bá yín gbé e títí apá ti ń ro mí. Ẹ sọ fún un, tàbí kí n sọ ọ́."

Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Mo rò pé ó máa lé mi jáde, mo sì ti ń múra ìjà. Ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kéré. "Ìyá Aránṣọ, ẹ bá mi dúró síwájú rẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sókè."

Mo fi ṣòkòtò há abíyá, mo di ìkúùkù. Tísà ní kí ọmọ náà kọjú sí mi, kó kan ọ̀kan, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta sínú afẹ́fẹ́, kó wá yà bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń yà, kó rọra. Ó ṣe é. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó gbóná, tó rin fún òógùn, wá sinmi lé ìkúùkù mi. Ó dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lójú mi, mo sì rí i nígbà tó yé e.

Tísà wá sọ gbogbo rẹ̀, láti orí dígí, dórí ọwọ́ òsì, dórí ọdún mẹ́fà. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Nígbà tó parí, ọmọ náà bi í ní ìbéèrè kan péré.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún màmá mi pé ẹ pè é, kò gbọ́?"

"Irọ́ ni mo pa," ni Tísà wí. "Ó gbọ́. Ajá yẹn gbọ́ fèrè, ọmọ mi. Ọdẹ ló fọn ọ́n sí ọ̀nà òdì."

Ọmọ náà tẹ̀ ba, ó tú rọ́bà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ká a, ó gbé e sórí ilẹ̀ níwájú Tísà, ó sì lọ. Kò gba ṣòkòtò. Mo fetí sílẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wúwo.

Ọjọ́ mẹ́rin ni òkè fi dákẹ́. Tísà dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà, títí kan oníkùn ńlá. Ní ọ̀sán gangan pàápàá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti ń bẹ̀rù ẹsẹ̀ òkú yẹn tipẹ́, ṣùgbọ́n àìgbọ́ rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù. Mo bi ara mi bóyá mo ti fi ẹnu mi ba ilé ọmọlọ́mọ jẹ́. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í sọ fún wa ohun tó máa kù nílẹ̀ tó bá bá a tán.

Ọjọ́ karùn-ún, ọmọ náà dé. Ó ní kí n tẹ̀lé òun gòkè. Tísà dìde nígbà tó rí i, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́.

"Mo ti sọ fún màmá mi," ó ní. "Wọ́n sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ní àwọn ti fi ọdún mọ́kànlá bínú sí òkú tí kò ṣẹ àwọn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ fojú rí yín, Bàbá. Èmi náà, mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tunla ni ìjà, mi ò sì fẹ́ kú. Ẹ máa bá mi mú páàdì tí màá máa kan ẹ̀ṣẹ́ sí. Ẹ má pe nǹkan kan. Tó bá di ọjọ́ náà, ẹ jókòó lẹ́yìn mi, kí ẹ dákẹ́."

Tísà ní, "Mo gbọ́."

Mo lọ wo ìjà náà, èmi tí mi ò lè wo bí wọ́n ṣe ń pa adìyẹ. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Tísà jókòó sí ni mo dúró. Ọmọ tí wọ́n jọ ń jà lágbára, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì mú sùúrù, ó ń dúró de àyè. Abala àkọ́kọ́ dára. Ní ìkejì, ó ti ń rẹ ọmọ wa. Ní ìkẹta, ìkẹyìn, ọwọ́ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti là. Ó kan ọ̀kan, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Mo rí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó mì sí òsì. Tísà rí i pẹ̀lú. Ẹnu rẹ̀ là láti pè, ó sì ki aṣọ ìnura bọ̀ ọ́, ó fi eyín mú un títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ náà yà sí ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn wá pẹ̀lú gbogbo agbára, ó sì kọjá ní ibi tí bàbá rẹ̀ ìbá wà. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ níbi tí mo dúró sí.

Ọmọ kejì ni wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Wọ́n ní òun ló kan ẹ̀ṣẹ́ jù. Tiwa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dúró níwájú Tísà, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i kó bá òun tú ìbọ̀wọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, ní ọ̀sán gangan, Tísà sọ̀ kalẹ̀ wọ ìsọ̀ mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní aago yẹn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Mo fẹ́ bi í pé kí ló dé, àmọ́ kí n tó la ẹnu, mo gbọ́ ọ lórí wa. Fẹ́, fẹ́, fẹ́. Gbogbo irun ara mi dìde, torí ọkùnrin náà rèé níwájú mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀.

"Ọmọ yẹn ni," ni Tísà wí. "Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n bọ́ sísàlẹ̀, pé òun fẹ́ dá wà pẹ̀lú bàbá òun."

Sììì, ni òkè wí.

Ó gbé ojú sókè, ó dà bí ẹni tí ara ń ta. "Ìyá Aránṣọ, ibo ló yà sí? Mi ò gbọ́kàn lé etí mi mọ́."

Mi ò tíì dáhùn tí eruku díẹ̀ fi já bọ́ láti àjà. Orí aṣọ funfun tó wà lórí tábìlì mi ló bà lé, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí eruku kò já bọ́ sí rí ní ọ̀sán gangan láti ọdún mọ́kànlá. Mo nawọ́ sí i kó rí i. Ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ bo ojú.

Òmíràn tún já bọ́ sórí aṣọ oníbàárà. Igi ìgbálẹ̀ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò fọwọ́ kàn án.